Kí ló dé tí Photoshop kì í gba àwòrán gbọọrọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí ní Ìbàdàn. Mo gun ilé ìṣọ́ Láyípo lórí Òkè Ààrẹ, mo ya fọ́tò 24 yí ìlú po, mo sì fi Photomerge so wọ́n pọ̀ nínú Photoshop. Àwòrán tó jáde gùn tó 42,000 píksẹ́lì, ó ga tó 10,000, 16-bit ni. Nígbà tí mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀, PSD, irú fáìlì tí Photoshop sábà ń lò, kò sí nínú ohun tí mo lè yàn. Bí mo bá sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, Photoshop á ní “scratch disks are full” (àyè iṣẹ́ lórí dísìkì ti kún), bẹ́ẹ̀ 20 GB ṣì ṣófo lórí láptọ́ọ̀pù mi. RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB. Oníbàárà fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí flex ẹsẹ̀ bàtà 20. Ṣé kí n ra láptọ́ọ̀pù tuntun ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dí yín lọ́wọ́, wọ́n kàn jọ dé pọ̀ ni. Ọ̀kan jẹ́ òfin irú fáìlì tí ẹ fẹ́ lò, èkejì jẹ́ àyè tí Photoshop fi ń ṣiṣẹ́. RAM 8 GB kéré lóòótọ́, iṣẹ́ á sì máa fà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá yín dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí ló máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. 42,000 lọ́nà 10,000 jẹ́ mílíọ̀nù 420 píksẹ́lì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ní 16-bit, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 2, ó di báìtì 6 fún píksẹ́lì kan. Mílíọ̀nù 420 lọ́nà 6 jẹ́ 2.52 GB. Lẹ́yà (layer, ìpele àwòrán) kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ tẹ Ctrl+J lẹ́ẹ̀kan láti fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ti lé ní 5 GB.

Ọ̀rọ̀ PSD kò le. PSD kì í gba àwòrán tí ìhà rẹ̀ kan bá kọjá 30,000 píksẹ́lì, kì í sì í gba fáìlì tó ju 2 GB lọ. Tiyín kọjá méjèèjì. Nínú Save As, ẹ yan Large Document Format, ìyẹn PSB. Òun gba 300,000 píksẹ́lì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, gbogbo lẹ́yà yín á sì wà níbẹ̀. TIFF náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n 4 GB ni òpin tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi lẹ́yà púpọ̀ sínú rẹ̀. Òpin JPEG ni 65,535 píksẹ́lì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 8-bit nìkan ló sì mọ̀. Bí ẹ bá ń kó wọn sínú Lightroom Classic, ètò tí a fi ń to fọ́tò, òun kì í gba ohun tó ju 65,000 píksẹ́lì ní ìhà kan tàbí mílíọ̀nù 512 píksẹ́lì lápapọ̀. Tiyín ṣì wọlé níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ scratch disk ló gba sùúrù. Bí RAM bá kún, Photoshop á máa kó iṣẹ́ lọ sórí dísìkì, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní scratch. Kì í ṣe àwòrán yín nìkan ló ń gbé níbẹ̀: gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ lè fi Undo padà sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi búrọ́ṣì kan ibi kékeré, apá ibẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sáré fi fílítà kan gbogbo àwòrán, bíi Sharpen tàbí Reduce Noise, gbogbo píksẹ́lì ló yí padà, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 2.5 GB. Ẹ ṣe irú rẹ̀ mẹ́jọ, 20 GB yín ti lọ. Ìgbésẹ̀ 50 sì ni Photoshop máa ń tọ́jú bí ẹ kò bá yí i padà.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ wá SSD tó ń lo USB 3, ẹ má lo fláàṣì. Ẹ jẹ́ kí ó tó 100 GB tó ṣófo lórí rẹ̀. Ẹ lọ sí Edit, Preferences, Scratch Disks, ẹ sàmì sí SSD náà, kí ẹ sì fi ọfà gbé e ga ju C, dísìkì inú láptọ́ọ̀pù, lọ. Bí Photoshop kò bá tilẹ̀ ṣí mọ́ torí pé C kún, ẹ di Ctrl àti Alt mú bí ó ṣe ń ṣí, á bi yín ibi tí ẹ fẹ́ kí scratch wà. Lẹ́yìn náà, nínú Performance, ẹ tẹ Huge Pixel Dimensions, ẹ sì dín History States (iye ìgbésẹ̀ Undo) kù sí 10. Ẹ fi Memory Usage sílẹ̀ ní nǹkan bí 70%. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà á dé 95%, ìyẹn ò dára rárá: Windows fúnra rẹ̀ nílò RAM, bí kò bá rí i, gbogbo ẹ̀rọ á dì gbagidi. Ẹ pa Photoshop, kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé àwòrán lápá òsì, ọfà kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Efficiency. Bí ó bá wà ní 100%, inú RAM ni iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá já wálẹ̀, scratch ló ń lò, ẹ ó sì mọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń falẹ̀.

Bí ẹ ṣe to iṣẹ́ yín náà ṣe pàtàkì. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti noise (àwọn àmì wínníwínní tó ń ba fọ́tò jẹ́) ṣe lórí fọ́tò 24 náà nínú Camera Raw kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, iye kan náà fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìsopọ̀, Photomerge á fún yín ní lẹ́yà 24 pẹ̀lú másìkì wọn (ohun tó ń bo apá tí kò yẹ kó hàn). Ẹ tọ́jú ìyẹn sí PSB kan, kí ẹ wá ṣe Flatten Image, kí ẹ sì tọ́jú èyí sí orúkọ mìíràn. Fún àtúnṣe àwọ̀, Curves gẹ́gẹ́ bí Adjustment Layer ló dára jù, torí kì í gbé píksẹ́lì tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ sá fún Smart Object (lẹ́yà tó ń gbé odindi àwòrán mìíràn sínú) lórí ohun tó tóbi báyìí.

Ẹ lè rí ìlà tín-ín-rín funfun níbi tí fọ́tò méjì ti pàdé lójú ọ̀run. Ẹ má tíì mú Clone Stamp. Ẹ tẹ Ctrl+1 kí àwòrán wà ní 100% kí ẹ tó dájọ́, nítorí ní 33% tàbí 66.7%, ẹ̀dà kékeré tó ti ṣe sílẹ̀ nínú cache ni Photoshop ń fi hàn yín. Ọ̀pọ̀ ìlà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ibi dúdú onígun mẹ́rin tó ń yọ tó ń wọlé, ẹ yọ àmì kúrò lára Use Graphics Processor, kí ẹ tún Photoshop ṣí. Bí ó bá lọ, dráífà káàdì àwòrán yín ló yẹ kí ẹ tún ṣe.

Títọ́jú PSB ńlá lè gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀ tí bátìrì kò sì dúró, fáìlì tí ẹ ń kọ lé lórí lè bàjẹ́. Ẹ máa yí orúkọ rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà: Ibadan-01, Ibadan-02.

Flex ẹsẹ̀ bàtà 20 jẹ́ íńṣì 240. Píksẹ́lì 100 fún íńṣì kan tó fún ohun tí èèyàn á máa wò láti òkèèrè, nítorí náà 24,000 píksẹ́lì ní gígùn ló yẹ kó lọ sílé ìtẹ̀wé, gíga rẹ̀ á sì di 5,714. Lórí ẹ̀dà tó ti wà ní lẹ́yà kan, ẹ lọ sí Image Size, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di 8-bit: fáìlì á wálẹ̀ sí nǹkan bí 411 MB kí wọ́n tó fún un pọ̀. Ẹ fi 16-bit sílẹ̀ títí ẹ ó fi parí iṣẹ́ ojú ọ̀run o, nítorí 8-bit máa ń sọ ojú ọ̀run di ìlà-ìlà bí ẹ bá fà á púpọ̀. Ẹ bi ilé ìtẹ̀wé bóyá CMYK, ètò àwọ̀ inú íǹkì ìtẹ̀wé, ni wọ́n fẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé PSB ńlá náà fún wọn lórí fláàṣì, tí ó ní fáìlì ti tóbi jù bó tilẹ̀ jẹ́ pé fláàṣì 32 GB ni, FAT32 ni ètò ìtọ́jú fáìlì tó wà lórí fláàṣì náà, kì í gba fáìlì kan tó tó 4 GB. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ ṣe Format rẹ̀ sí exFAT, á wọlé.