Kí sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn tó kúrò níbi tó wà: èsì fún àbúrò tó béèrè láti Ifẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó gbà ọ́ síṣẹ́ lẹ́yìn tí o kẹ́kọ̀ọ́ tán ní ARCSSTE-E, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú nínú ọgbà OAU, fẹ́ gbé sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn kan tó ti ń darúgbó kúrò ní àyè rẹ̀ lọ sí àyè mìíràn fún oṣù mélòó kan, títí tí tuntun yóò fi gòkè. Amẹ́ríkà ló fún un níwèé àṣẹ, nípasẹ̀ FCC, àjọ ìjọba wọn tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀. O rí i nínú òfin pé ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ni kí ìwé ìbéèrè fún ìyọ̀ǹda onígbà díẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í sún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Má gbà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn kàn sọ ìgbà tó pẹ́ jù tí ìwé rẹ lè dé ni. Kò sọ ìgbà tí wọn yóò dá ọ lóhùn, kò sì sọ pé wọn yóò gbà fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ apá tó jẹ́ ti ẹnjiníà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ lókè òkun, kí n tó padà wálé àti lẹ́yìn tí mo padà. Iléṣà níbí ni mo ti ń ṣe é báyìí, pẹ̀lú sólà àti bátìrì, nítorí FCC kì í dúró de NEPA.

Ibi tí ìwé ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ìdí tí a fi ń béèrè. Ìpín 25.120 nínú òfin FCC ni kí o kà ní àkàtúnkà. Ó ní ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ojoojúmọ́, pé ire aráàlú ló wà nídìí rẹ̀, àti pé bí a bá fi falẹ̀, aráàlú ni yóò fara gbá a gidigidi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò tó láti fi tọrọ: ìrọ̀rùn ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, irú bí ètò ọjà títà tàbí ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún oníbàárà.

Mo ti bá ọ̀gá kan fà á títí lórí èyí. Ó fẹ́ kí a kọ ọ́ pé a ti ṣèlérí ìkànnì tuntun fún àwọn oníbàárà kí sáà bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ohun tí òfin dárúkọ pé kò tó gan-an nìyí. Ó ní kí n fi ti ẹnjiníà ṣe tèmi, lọ́yà mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀. Lọ́yà gbé e kalẹ̀ lóòótọ́, ó fi èdè ńláńlá dì í. Ìbéèrè padà wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, a dáhùn, òmíràn tún wá. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, sátẹ́láìtì ṣì wà níbi tó wà. Ìgbà tí a wá tún ìwé náà kọ, tí a fi sátẹ́láìtì tó ń ṣàìsàn ní àyè kejì ṣe pàtàkì ọ̀rọ̀, ni ojú ọ̀nà là.

Nítorí náà, ẹni tí àwòrán yóò ṣú mọ́ lójú ni kí o kọ̀wé nípa rẹ̀. Irú ìkànnì wo ló wà lórí sátẹ́láìtì kejì, èyí tó ti wà ní àyè tí ẹ ń lọ? Tíráńspọ́ńdà, ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì tó sì ń dá a padà sílẹ̀, mélòó ló ti kú nínú rẹ̀, mélòó ló sì kù láti fi rọ́pò? Bí ẹyọ kan bá tún kú lóru òní, ìlú wo ni kò ní rí ìkànnì ìbílẹ̀ tó ń kìlọ̀ ìjì fún wọn, ṣé wọ́n sì ní ọ̀nà mìíràn láti gbọ́? Àwọn ẹnjiníà yín ní iye wọ̀nyí lọ́wọ́. Gbà á lọ́wọ́ wọn, kọ ọ́ bó ṣe rí, má fi iyọ̀ sí i. Kí o sì sọ, láì jẹ́ pé wọ́n béèrè, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ẹ ń fi sílẹ̀ ní àyè àkọ́kọ́. Bí o bá fo ìyẹn, wọn yóò béèrè, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò sì lọ sí i.

Ìkejì, má ṣe béèrè gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni. Ìyọ̀ǹda láti sún un, ìyọ̀ǹda láti dán an wò ní àyè tuntun, àti ìyọ̀ǹda láti gbé tẹlifíṣàn jáde níbẹ̀, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú ìwé mi nígbà gbogbo, kódà bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà ni a fi wọ́n ránṣẹ́. Ẹni tó lòdì sí pé kí ẹ gbé ètò jáde ní àyè tuntun lè má ní ohunkóhun láti sọ nípa pé kí ẹ sún un lọ. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, atakò ọ̀kan á dá ìyókù dúró.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí sísún nìkan fi nílò ìwé, torí ọ̀gá rẹ yóò bi ọ́. Sátẹ́láìtì yìí wà ní nǹkan bíi 35,786 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Dìgírì kan lọ́hùn-ún ju 730 kìlómítà lọ. Òfin kò gbà kí ó yẹ̀ ju 0.05 dìgírì lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn àyè tí wọ́n yàn fún un. Kété tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì láti ṣí i nídìí, ẹ ti ń jáde kúrò nínú ìwé àṣẹ tí ẹ ní.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó gbé e sókè díẹ̀, ayé á wá máa yí ṣáájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà-oòrùn, ẹ ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè tó kìlómítà 78 tàbí bẹ́ẹ̀, yóò máa sún ní dìgírì kan lójúmọ́. Láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹn, ìyára tí ẹ ó fi kún un tó nǹkan bíi mítà 2.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye kan náà ni ẹ ó sì tún ná láti dá a dúró. Sátẹ́láìtì ń ná nǹkan bíi mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá lọ́dún kan kó má baà máa yà sí àríwá àti gúúsù. Ṣírò ó: àlọ kan ní dìgírì kan lójúmọ́ ti jẹ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, bó bá sì ní láti padà, ó tún jẹ iye kan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í mọ̀ ni pé kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń jẹ epo bí kò ṣe ìkánjú. Dìgírì méjì lójúmọ́ ń ná ìlọ́po méjì dìgírì kan. Ìdajì dìgírì lójúmọ́ ń ná ìdajì. Ẹni tó bá tètè kọ̀wé lè rọra lọ, epo á kù. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbà tó fẹ́ gbéra, ìgbà tí ìyọ̀ǹda bá fi máa jáde, sísáré ni yóò máa sáré. Èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo ti rí tó ń mú ọ̀gá tó ń kánjú jókòó jẹ́ẹ́, nítorí owó ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lójú ọ̀nà, kí ohun tó ń gbé tẹlifíṣàn jáde wà ní pípa. Kàmáńdì tí ẹ fi ń darí rẹ̀ àti ìròyìn ara rẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ nìkan ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́, kí àwọn náà má sì dí sátẹ́láìtì aládùúgbò kankan lọ́wọ́ bí ẹ bá ń kọjá níwájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o mọ ìtàn Galaxy 15, sátẹ́láìtì ilé-iṣẹ́ Intelsat. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, kò gbọ́ràn sí àṣẹ láti ilẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun èlò tó fi ń gbé ìgbì jáde kò kú. Ó ń sún lọ láti 133 dìgírì ìwọ̀-oòrùn, ó ń wọ ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ilé-iṣẹ́ SES sì ní láti máa dọ́gbọ́n darí sátẹ́láìtì AMC-11 tirẹ̀ kí wọ́n má baà da ara wọn rú. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó rí i mú padà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé sátẹ́láìtì yín ń bọ̀ wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ rántí.

Nítorí náà, gba lẹ́tà lọ́wọ́ aládùúgbò kọ̀ọ̀kan kí o tó fi ìwé ránṣẹ́ sí FCC: fíríkúẹ́ńsì tí ẹ ó lò, ọjọ́ tí ẹ ó kọjá, nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni tó máa ń wà níbi ìdarí tọ̀sán-tòru. Wọ́n kì í kọ̀, àmọ́ wọ́n máa ń lọ́ra, torí kò sí èrè kankan fún wọn níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ibí yìí ni mo ti máa ń ṣe bí òṣómàáló ayé àtijọ́ nídìí gbèsè aṣọ: mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà email wọn títí lẹ́tà fi jáde. Ìwé tó bá ti ní àwọn lẹ́tà yẹn lẹ́yìn máa ń yá ju èyí tó kàn ṣèlérí pé òun yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ta ló ni àyè tí ẹ ń lọ? O kò sọ. Ní agbègbè Amẹ́ríkà, ètò ITU, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ti pín àyè sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn tààrà, tí ìgbì rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì 12.2 sí 12.7 GHz, fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ni ti Amẹ́ríkà, 101, 110 àti 119 dìgírì ìwọ̀-oòrùn wà lára wọn. Dìgírì mẹ́sàn-án ló wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí, òun ló jẹ́ kí díìṣì kékeré tí kò ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ lè ṣiṣẹ́ láì mú ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. (Àwọn tó ń so díìṣì ní Sábó, Ifẹ̀, tí wọ́n ń wá 36 dìgírì ìlà-oòrùn fún DStv, yóò sọ fún ọ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n lórí òrùlé, ẹ má ṣe rò pé oníbàárà yóò yí díìṣì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá yí àyè padà.) Bí àyè náà bá jẹ́ ti Kánádà, bí 129 tí EchoStar 5 lọ ní 2005, ìjọba Kánádà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ti FCC nìkan kò tó.

Bó bá sì jẹ́ pé ìdí gidi tí wọ́n fi fẹ́ lọ ni kí àyè òfìfo má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sọ ọ́ jáde. Òfin ITU ní kí sátẹ́láìtì tó lè lo fíríkúẹ́ńsì náà dúró ní àyè yẹn fún 90 ọjọ́ láìdánudúró kí a tó kà á sí pé wọ́n ti ń lò ó. Láti àpérò ọdún 2015, wọ́n sì ń béèrè ibi tí sátẹ́láìtì náà ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn kan ń fi ẹyọ kan ṣoṣo káàkiri di àyè mú. Wọn yóò mọ̀.

Ní ti iye ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda náà lè fi wà: 30 ni, bí wọn kò bá tíì kéde ìbéèrè yín fún aráyé, tí ẹ kò sì ní í béèrè ìwé àṣẹ gidi, 60, bí wọn kò bá kéde rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ béèrè ìwé àṣẹ gidi, kò gbọdọ̀ ju 180 lọ bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe. Oṣù mélòó kan ni ẹ̀yin ń wá, nítorí náà ìkéde kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ sínú ìṣirò. Lọ wo òfin náà fúnra rẹ lórí ìkànnì FCC kí o tó fọwọ́ sọ̀yà, torí wọ́n máa ń tún un ṣe. Láti 2023, ẹ̀ka tuntun tó wà fún ọ̀rọ̀ òfuurufú ló ń bójú tó o.

Kí ilé-iṣẹ́ yín mọ ohun tí wọ́n ń gbà. Ìyọ̀ǹda yìí kì í dáàbò bò yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ó fara dà á. Bí ẹ bá ń dí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó pa á lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín lónìí, kò túmọ̀ sí pé wọn yóò fún yín ní ìwé àṣẹ gidi lọ́la. Owó tí ẹ bá ná kí ìyẹn tó jáde, ẹ̀yin lẹ gbà láti ná an.

Ní báyìí, kí o tó kọ gbólóhùn kan, lọ bá àwọn tó ń darí sátẹ́láìtì náà kí o gba iye epo tó kù, pẹ̀lú àṣìṣe tó lè wà nínú ìwọ̀n rẹ̀. Yọ ti àlọ, yọ ti àbọ̀ bí àbọ̀ bá wà, kí o sì yọ èyí tí ẹ ó fi gbé e sókè, ju 235 kìlómítà lọ kọjá ojú ọ̀nà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Òfin ti fi gbèdéke sí ìyẹn ní ìpín 25.283. Bí ohun tó bá ṣẹ́ kù kò bá tó láti fi ṣiṣẹ́ fún oṣù tí ẹ ń béèrè, fi ìṣirò náà han ọ̀gá rẹ kí lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó.