Ọmọ Ajá Nílé Mùsùlùmí: Ṣé Ìrun Ogójì Ọjọ́ Ti Lọ Lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Àáfà, assalaamu alaykum. Kubwa ni à ń gbé. Olè ti fo fẹ́ǹsì wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, a ò sì lówó máígádì. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fún mi ní ọmọ ajá olóṣù méjì. Arákùnrin kan ní mọ́sáláásí ní àlùwàlá mi bàjẹ́ torí pé mo fọwọ́ kàn án, pé ìrun ogójì ọjọ́ kò sì ní gbà. Látìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń fọ gbogbo abọ́ ilé lẹ́ẹ̀méje-méje.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam. Ẹ sọ fún ìyá àwọn ọmọ kí wọ́n sinmi. Kẹ́ẹ̀gì omi tí mai ruwa ń tì wá kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Fífọwọ́ kan ajá kò sí lára ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́ nínú ìlànà àwọn imaamu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwa Súnnì ń tẹ̀lé nínú òfin ẹ̀sìn. Hádíìsì ogójì ọjọ́ yẹn, ti ẹni tó mu ọtí ni. Arákùnrin yìí tú u lọ́rùn ọ̀mùtí, ó so ó mọ́ ajá lọ́rùn! Ẹni tó gbọ́ ìdajì wàásí lánàá, ó ti di mùfútì lónìí. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń tẹ̀lé Imaamu Maaliki, ara ajá mọ́, itọ́ rẹ̀ náà mọ́. Fífọ abọ́ lẹ́ẹ̀méje wà nínú hádíìsì, a sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n abọ́ omi tí ajá bá fẹnu sí ló wà fún. Àwọn tó ń tẹ̀lé Imaamu Shafi'i ní ẹ̀gbin ni itọ́ ajá, kí wọ́n tún fi erùpẹ̀ kún un. A ò bá wọn jà.

Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni arákùnrin yẹn ò sọ. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹni tó bá ń sin ajá, tí kì í ṣe ti ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn tàbí ti oko, kíráátì kan, ìyẹn òṣùwọ̀n ẹ̀san, yóò máa dín nínú ẹ̀san rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí Ibn Abi Zayd, àgbà onímọ̀ nínú ìlànà Maaliki, fi kọ ọ́ sínú Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn rẹ̀, pé kí a má sin ajá nílé ìgboro. Àmọ́ ìtàn tí àwọn onímọ̀ wa ń sọ ni pé nígbà tí ògiri ilé òun fúnra rẹ̀ wó, tí ẹ̀rù àwọn ọ̀tá sì ń bà á, ó so ajá mọ́lé. Wọ́n ní ṣebí Maaliki kórìíra èyí. Ó ní ká ní Maaliki bá ìgbà yìí ni, kìnnìún ni ìbá sìn! Ẹni tí olè fo fẹ́ǹsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdí tiẹ̀ tó lójú mi.

Ó ku ẹyọ kan. Ọmọ ajá olóṣù méjì kò lè ṣọ́ ilé. Òun gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí bóyá a lè sin irú rẹ̀, èyí tó rinlẹ̀ jù sì ni pé ẹni tó ń kọ́ ọ kí ó lè ṣiṣẹ́ lọ́la ní àyè. Ẹ di "ń kọ́ ọ" yẹn mú. Bó bá jẹ́ fótò lẹ̀ ń fi í yà sórí WhatsApp, kíráátì ń lọ.

Nítorí náà ẹ tètè kọ́ ọ. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí bíi 14 ni ọkàn ọmọ ajá máa ń ṣí sí ohun tuntun. Ohun tí kò bá mọ̀ nígbà náà lè máa dẹ́rù bà á títí ayé, ẹ̀rù ló sì ń sọ ọ̀pọ̀ ajá di abunijẹ. Ẹ jẹ́ kó mọ ohùn jẹnẹrétọ̀, kẹ̀kẹ́ NAPEP àti ìpè ìrun. Kó máa rí oníjalabíà àti oníhíjáàbù tí ń wọlé. Tí ẹ bá pè é tó wá, ẹ fún un lẹ́ran bíńtín lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń gé ọmọ lọ́wọ́ jẹ níbi eré, ẹ dá eré dúró, ẹ yíjú kúrò. Ẹ má nà án.

Bó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹran, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà. Títí dìgbà náà, ẹ má jẹ́ kó bá ajá ìta ṣeré. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ọsibítù; kì í ṣe omi wàláà. Bí àwọn ará àdúgbò bá ti kìlọ̀ pé ó ń buni jẹ, tí ẹ ò wá nǹkan ṣe, ọrùn yín ni ohun tó bá ṣe wà.

Ẹ̀gbẹ́ géètì ni kẹ́ ẹ kọ́lé rẹ̀ sí, kì í ṣe pálọ̀. Màláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. Ajá àwọn ará ihò nínú Suratul Kahf pàápàá, ẹnu ọ̀nà ló na ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ẹ bá mi kí arákùnrin yẹn. Bí hádíìsì ajá ogójì ọjọ́ bá wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n mú un wá lẹ́yìn Ìṣáà. Mi ò ní tètè lọ.