Kí ni ìjọba ìlú máa ń wò kí wọ́n tó gba àbá aráàlú fún ọgbà ìgbafẹ́?

Wọ́n á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà: ta ló ni ín, ṣé àgbàrá kì í gba ibẹ̀, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ lè débẹ̀? Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbéèrè tó le jù ni ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo High Line ní New York, ojú irin àtijọ́ orí afárá tí wọ́n ti fẹ́ wó, ṣùgbọ́n tó ti di ọgbà ìgbafẹ́ báyìí. Ní 1999, àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbà á là. Ní 2002, ìwádìí wọn fi hàn pé owó orí tí yóò wọlé máa ju iye tí wọ́n máa ná lọ. Apá kìíní ṣí ní 2009. Ẹgbẹ́ náà ló ṣì ń tọ́jú rẹ̀, owó ọrẹ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ná.