Ẹ Bi Oníná: Ṣé kí n gbé gbogbo ilé sórí bátìrì?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá oníná, okun o. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mọ́kànlá, Ìsánlú ni mo sì ń gbé. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin kan la wà nínú ilé. Iná ìjọba máa ń wá fún bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, nígbà míì a kì í rí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Yúníìtì kan lórí mítà wa kò tíì tó náírà 70. Alaalẹ́ la máa ń tan jẹnẹrétọ̀ láti aago méje sí aago mọ́kànlá. Bẹntiróò lítà mẹ́ta ló ń mu, náírà 950 la sì ń ra lítà kan.

Ohun tí à ń lò ni gílóòbù mẹ́fà, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, àti firísà kékeré tí mo fi ń ta yìnyín àti ẹja. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wà. A.C. kan wà ní pálọ̀ tí a kì í tàn àfi nígbà Kérésì tí àwọn ọmọ bá wálé. Okùn jẹnẹrétọ̀ tí mo ń fà ti ń jẹ́ kí apá ọ̀tún máa dùn mí. Àwọn ọmọ mi ní Àbújá wá ní àwọn fẹ́ ṣe bátìrì tí yóò gbé gbogbo ilé fún mi: inverter 10kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù mẹ́ta, páńẹ́lì méjìlá. Mílíọ̀nù 8.5 náírà ni ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ pè é. Owó náà ń bà mí lẹ́rù. Ṣé èrè wà níbẹ̀? Àbí kí wọ́n kúkú ra bátìrì olómi tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Màmá Olùkọ́, Ìsánlú

ÌDÁHÙN

Màmá, okun o. Ẹ kú ìfaradà. Apá yín ni mo kọ́kọ́ rí nínú lẹ́tà yìí kí n tó rí owó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ọmọ àdúgbò kan máa bá yín fa okùn náà, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò lóòórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ó máa ń pa èèyàn lójú oorun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà mẹ́ta ní 950, náírà 2,850 lójúmọ́. Lóṣù, 85,500. Lọ́dún, 1,026,000, a ò sì tíì ka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Àwọn nǹkan tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, láìka ẹ̀rọ omi àti A.C., tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ń fa bíi 500 wáàtì. Láàárín wákàtí mẹ́rin, yúníìtì méjì péré nìyẹn (yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan). Yúníìtì kan tí jẹnẹrétọ̀ ń fún yín ń ná yín ní náírà 1,425, ìyẹn ìlọ́po ogún iye tí ẹ ń san lórí mítà. Mo máa ń rí àwọn ìyá tó ń dúnàá dúrà lórí náírà 50 lọ́jà Kàbà, tí irú owó yìí sì ń jóná lẹ́yìnkùlé wọn lálaalẹ́. Ó máa ń dùn mí.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, èrè wà nínú bátìrì. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé kọ́ ni màá gbé lé e.

Ẹ wo òru kan ní ilé yín, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Gílóòbù mẹ́fà fún wákàtí márùn-ún kò ju yúníìtì 0.27 lọ. Fáànù méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́, 1.08. Tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí mẹ́rin, 0.24. Fíríìjì àti firísà, bíi 1.2. Fóònù àti rédíò, 0.1. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ bíi 0.6 mọ́jú (àwọn tó ń tà á kì í sọ èyí fún èèyàn). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 3.5. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, tí wọ́n kọ 51.2 fóòtì (V) àti 100Ah sí lára, ní yúníìtì 5.12 nínú (51.2 lọ́nà 100 jẹ́ 5,120; ẹ wá pín in sí 1,000). Tí a bá fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, tí a sì yọ èyí tó ń ṣòfò nígbà tí inverter bá ń yí i padà sí iná ilé, ó ku bíi 4.1 tí ẹ lè lò. Bátìrì kan tó yín, ó tún ṣẹ́kù. Mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Lọ́dún 2019, mo ṣe irú rẹ̀ sí ilé bàbá mi ní Kàbà. Bátìrì olómi mẹ́rin, 220Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo so gbogbo ilé mọ́ ọn, nítorí mo fẹ́ kí bàbá má tilẹ̀ mọ ìgbà tí iná bá lọ. Kò sẹ́ni tí mo bá jókòó nínú ilé láti sọ ohun tí nǹkan náà lè gbé. Wọ́n ń lọ aṣọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ń fi kẹ́tùlù iná se omi ìwẹ̀ láàárọ̀. Áyọ́ọ̀nù kan ń fa 1,000 wáàtì ó lé, kẹ́tùlù ń fa 1,500 sí 2,000. Lórí ìwé, bátìrì mẹ́rin yẹn ní yúníìtì 10.5, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kéèyàn lò kí ó tó tún gba iná, bí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Àwa ń lò ó gbẹ. Kí ọdún méjì tó pé, wọn kò gba iná mọ́. Bàbá kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n gbé jẹnẹrétọ̀ òun jáde padà. Láti ọjọ́ náà, n kì í fa wayà kankan láì kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó ń gbé inú ilé.

Èyí ló jẹ́ kí n má fẹ́ bátìrì olómi fún yín. Ọdún 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bu omi bátìrì sí i, ó ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná sílẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná, bí oòrùn wa bá sì mú un, ẹ̀mí rẹ̀ á tètè kúrú. Ẹni ọdún yín kò yẹ kó máa ṣí ìdérí ásíìdì. Lítíọ́ọ̀mù tí a ń lò nílé, èyí tí wọ́n kọ LiFePO4 sí lára, kò fẹ́ omi. A lè lo bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, kó sì tún kún lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 6,000. Èmi máa ń fi 3,000 ṣírò, kí n má baà purọ́ fún èèyàn. Ọdún mẹ́jọ ó lé nìyẹn.

Irú èyí tó bá yín mu, mo ṣe é lẹ́nu àìpẹ́ yìí ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀: inverter 5kVA, lítíọ́ọ̀mù kan, páńẹ́lì 550 wáàtì mẹ́rin, wayà, bíríkà (ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù) àti iṣẹ́ ọwọ́. Mílíọ̀nù 2.7 ni gbogbo rẹ̀. Owó bẹntiróò nìkan tí ẹ kò ní rà mọ́ á dá a padà láàárín ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe á gba ọdún mẹ́jọ ó lé. Tí a bá pín mílíọ̀nù 2.7 sí òru 3,000, yúníìtì mẹ́rin lóru, yúníìtì kan bọ́ sí náírà 225. Iye yẹn gan-an ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó iná, gbé owó yúníìtì lọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 fún àwọn Band A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹ̀yin kì í rí iná tó bẹ́ẹ̀ ní Ìsánlú.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ pé inúure wọn dára, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ń bù wọ́n kù. Bátìrì méjì yòókù yẹn á kàn wà níbẹ̀, wọ́n á kún láti January dé November, wọ́n á máa gbó nínú ooru, wọ́n á máa retí A.C. Kérésì. Kí wọ́n ra inverter tó ṣe é fi bátìrì kún, kí wọ́n sì rí i dájú pé irú bátìrì kan náà á ṣì wà lọ́jà. Tó bá di pé ẹ nílò èkejì, ẹ ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tó ń fi ẹ̀rọ mí, tàbí tí ilé ìwòsàn kékeré wà níwájú ilé, ohun mìíràn ni màá sọ.

Wayà ni kí wọ́n náwó sí dáadáa. Kí oníná pín ilé sí àpótí bíríkà méjì. Gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, firísà àti ẹ̀rọ omi á wà lórí inverter. A.C., kẹ́tùlù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù á dúró lórí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ nìkan, tó fi jẹ́ pé bí àlejò tilẹ̀ kì í bọ̀ ọ́, kò ní ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì bá ń gbé ilé. Ẹ̀rọ omi máa ń fa ìlọ́po mẹ́ta agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ẹ máa tan án láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kí oòrùn fúnra rẹ̀ máa fa omi náà. Kí táǹkì kún lọ́sàn-án, kí ẹ má fọwọ́ kàn án lálẹ́.

Áàtì ńkọ́, ìyẹn irin àti wayà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀? Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà. Ilẹ̀ yín ní Ìsánlú, àti títí dé Ẹ̀gbẹ̀, àpáta pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á gbá irin áàtì wọlẹ̀, kò ní wọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, wọ́n á gé èyí tó kù, wọ́n á fi yanrìn bò ó. Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin bá wá dé pẹ̀lú ààrá, inverter á jóná, wọ́n á ní àjálù ni. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí, tí ilẹ̀ ti máa ń tutù lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n gbá irin méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀, kí wọ́n so wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì fi mítà tí a fi ń wọn áàtì wọ̀n ọ́n lójú yín. Kí wọ́n tún fi ohun tó ń gba ìkọlù ààrá sí ọ̀nà páńẹ́lì àti sí ọ̀nà iná ìjọba. Ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ ti dúró ti ọmọ iléèwé rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Kí páńẹ́lì kọjú sí gúúsù, kó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Bí igi káṣú tàbí máńgòrò bá ń ṣíji bo ẹyọ kan, àwọn yòókù á bá a jìyà. Lákòókò ọyẹ́, eruku máa ń bò ó. Kí ọmọ tó lè gun àkàbà fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní kùtùkùtù, kí dígí tó gbóná.

Ní oṣù Keje sí Kẹsàn-án, oòrùn á dín kù gan-an. Ohun tí páńẹ́lì mẹ́rin ń mú wá lè má ju ìdajì lọ. Wákàtí mẹ́fà iná ìjọba yín á kún un, nítorí inverter lè fi iná náà rọ bátìrì. Ẹ má ta jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún ọ̀sẹ̀ tí òjò kò dá, tí iná kò sì wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé bátìrì náà dé, ẹ má tíì san gbogbo owó. Àwọn kan ń kó ṣẹ́ẹ̀lì àlòkù sínú páálí tuntun. Kí wọ́n rọ ọ́ kún, kí wọ́n wá so ohun tó ń fa 1,000 wáàtì mọ́ ọn, kí ẹ máa wo aago. Bó bá jẹ́ 5.12 lóòótọ́, ó yẹ kó lo wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Bó bá kú ní wákàtí kejì, kí wọ́n gbé e lọ.

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí ní Mọpà. Ẹnì kan ní kí n ra bátìrì mọ́tò méjì sí ṣọ́ọ̀bù, pé ó dín ní ìdajì owó bátìrì inverter. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dára?

ÌDÁHÙN

Àbúrò, ẹ má rà á. Bátìrì mọ́tò wà fún fífún ẹ́ńjìnnì ní agbára ńlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á máa rọ ọ́ padà. Irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ẹ bá ń fi ránṣọ fún wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́, oṣù díẹ̀ ló máa lò. Áyọ́ọ̀nù eléèédú yín ni kí ẹ ṣì máa fi lọ aṣọ. Ẹ fi iye wáàtì tó wà lára mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ yín ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì kọ iye wákàtí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá ti lọ. Màá ṣírò rẹ̀ fún yín nínú èyí tó ń bọ̀.