Ímeèlì 30,000 há sórí ìlà: ṣé ẹ̀rọ tuntun ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi ni mo ń bójú tó sáfà ímeèlì ilé-iṣẹ́ wa, Postfix, ètò tó ń fi ímeèlì jíṣẹ́, la sì ń lò. Bí oṣù bá ń parí lọ, tí a bá ń fi bíìlì ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, ìlà máa ń gùn tó 30,000. Ẹni tó gbàgbé password rẹ̀ lásìkò yẹn lè retí ímeèlì wa fún wákàtí mẹ́ta. Mo ti sọ default_process_limit (òpin iye process, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú Postfix tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) di 500, mo sì ti fi postqueue -f (àṣẹ tó ń ní kí Postfix tún gbìyànjú gbogbo lẹ́tà tó há) sínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí a dá fún un) kó máa ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, àmọ́ ńṣe ló ń burú sí i. Ṣé ká ra ẹ̀rọ tó lágbára ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó o. Ẹ kọ́kọ́ yọ postqueue -f yẹn kúrò nínú cron lónìí. Lẹ́tà tí Postfix kò bá rí fi jíṣẹ́ máa ń bọ́ sínú deferred (ìlà àwọn tó ń dúró de ìgbìyànjú mìíràn), á sinmi níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tún gbìyànjú, ìsinmi náà á sì máa gùn sí i títí á fi lé ní wákàtí kan. Ìsinmi yẹn ló ń fún lẹ́tà tuntun láyè. Ẹ̀yin wá ń jí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lọ máa kan ilẹ̀kùn ilé tó ti dahoro.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí sáfà tí ẹ ń kàn sí kò bá dáhùn, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni Postfix máa fi dúró kó tó jáwọ́. Bí process 100 bá ń dúró báyẹn, 200 lẹ́tà péré ni wọ́n lè gbìyànjú láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹyọ kan kò sì ní dé. Active, ìlà àwọn lẹ́tà tí Postfix ń fi jíṣẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú kì í gbà ju 20,000 lẹ́tà lọ. Bí òkú lẹ́tà bá ti kún ibẹ̀, lẹ́tà password yín á wà ní incoming (ìlà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé), á máa wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọlé bíi root (alábòójútó tó ní gbogbo àṣẹ), kí ẹ tẹ qshape deferred àti qshape active. Á fi iye lẹ́tà tó wà fún domain (orúkọ tó wà lẹ́yìn @) kọ̀ọ̀kan hàn yín, àti bó ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń tú main.cf (fáìlì ètò Postfix) palẹ̀ láìwo èyí rárá.

Bó bá jẹ́ domain kan ló kó jọ rẹpẹtẹ, ẹ wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe). Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó fi 421 tàbí 451 bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń gbà á ló ń ní kí ẹ rọra, 500 process yín á kàn bí i nínú ni. Ẹ dá transport (ọ̀nà ìfiránṣẹ́) ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un nínú master.cf (fáìlì tó to àwọn iṣẹ́ Postfix), ẹ lè pè é ní pele, kí ẹ fi transport_maps darí domain náà síbẹ̀, kí ẹ sì kọ pele_destination_concurrency_limit = 2, kó má kan ilẹ̀kùn wọn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, 20 ni Postfix máa lò. Bó bá jẹ́ Gmail ni, ẹ yẹ SPF, DKIM àti DMARC yín wò (àwọn ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́): láti February 2024 ni Google ti ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹni tó ń fi 5,000 lẹ́tà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ síbẹ̀ lójúmọ́.

Bó bá sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún domain ni, lẹ́tà kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, àdírẹ́sì táwọn oníbàárà ṣì kọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fi smtp_fallback_relay tì wọ́n sórí ẹ̀rọ kékeré kan, kó máa bá wọn jà.

Síbẹ̀, bíìlì àti lẹ́tà password kò yẹ kó jọ tò sórí ìlà kan náà rárá. Èyí ni màá ṣe ká ní èmi ni yín: màá fi postmulti dá Postfix kejì sílẹ̀ fún lẹ́tà kánjúkánjú, pẹ̀lú IP (àdírẹ́sì lórí ìntánẹ́ẹ̀tì) tirẹ̀. Bíìlì lè pẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó ń kánjú gbà á.

Ti díìsìkì kò le: SSD (díìsìkì tó yára) ni kí ẹ gbé ìlà náà sí. Ẹ má gbé e sínú tmpfs (ibi ìkẹ́rùsí inú RAM) nítorí pé ó yára, torí bí iná bá lọ, gbogbo lẹ́tà ibẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ fi Unbound (ètò tó ń dáhùn ìbéèrè DNS) sórí ẹ̀rọ náà kí ìbéèrè DNS, ìyẹn wíwá àdírẹ́sì domain, má bàa máa rìn jìnnà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá default_process_limit padà sí 100, kí ẹ sì máa yí nǹkan kọ̀ọ̀kan padà lẹ́yọ lẹ́yọ, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.