Kí ni àwọn àgbà ń wí tí wọ́n bá ní “ilẹ̀ ń gbóná, ẹ má lùlù”?

Ìbéèrè: Nígbà kòrónà, ní 2020, ìyá àgbà wa ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, kò jẹ́ kí a lùlù níbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní ilẹ̀ ń gbóná. Kí ni wọ́n ń wí gan-an? Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ìyá àgbà ò sọ̀rọ̀ oòrùn o. Ọ̀dọ̀ ṣọ̀pọ̀ná ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àrùn tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ. Wọ́n á ní Olóde ló dé, tàbí pé ilẹ̀ gbóná. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná, ìlù dákẹ́, àríyá dúró, a kì í wọ aṣọ pupa, a kì í sì í gbálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá pa, kò sí òkú ṣíṣe fún un. Àwọn àwòrò Ọbalúayé, òrìṣà ṣọ̀pọ̀ná, ló ń gbé e lọ sínú igbó, àwọn náà ló ń kó ẹrù rẹ̀. Ẹbí ò gbọdọ̀ sunkún síta.

Ariwo ló ń pe Ọbalúayé wọlé, ìyẹn lohun tí wọ́n ń sọ. Dókítà ò ní gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ìlù ò bá ti dún, ta ni yóò pé síbẹ̀? Òkú tí ẹbí ò fọwọ́ kàn, ta ni yóò kó àrùn lára rẹ̀? Èrò mi ni pé èèwọ̀ náà mọ iṣẹ́ ju àlàyé rẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà yín sì ní ìdí láti bẹ̀rù. Ará Ìtálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 27 oṣù kejì 2020, ti dé Ewékorò, nítòsí Abẹ́òkúta níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ti ka àbùdá (jínómù) kòkòrò náà. Ní 11 oṣù kẹta, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn àgbáyé. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, kónílé-ó-gbélé ti dé Ògùn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn àgbà ni àìdárúkọ. Àṣírí tó bo ṣọ̀pọ̀ná gba àwọn kan láàyè láti fi àrùn náà jẹun. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, dókítà kan ní Èkó, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò ṣọ̀pọ̀ná lọ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì ní wọ́n ń fi èépá egbò tàn án ká. Ìjọba amúnisìn fòfin dè wọ́n.

Wíwá aláìsàn kiri ló gba ayé lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀ná. Ní 1966, ní agbègbè Ògójà, ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ò tó, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, sì ní kí wọ́n wá ẹni tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n gún gbogbo ẹni tó yí i ká lábẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yẹn ràn kárí ayé, àjọ WHO sì kéde ní 1980 pé ṣọ̀pọ̀ná ti parí. Abẹ́rẹ́ ti kòrónà yá jùyẹn lọ: àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà gbé àbùdá rẹ̀ síta ní oṣù kìíní 2020, abẹ́rẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá. Tiwa balẹ̀ ní 2 oṣù kẹta 2021.

Ẹ wo apá ìyá àgbà. Ó ṣeé ṣe kí àpá abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná ṣì wà níbẹ̀.