Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Orin rọ́ọ̀kì Japan wo ló rọrùn fún báńdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fukuoka ni mo wà, mò ń ṣe másítà níbí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la kóra jọ pé ká dá báńdì sílẹ̀ torí ọdún yunifásítì wa tó ń bọ̀ nínú oṣù kọkànlá. Ọmọ Japan ni onígìtá wa, ó ti ń ta á bí ọdún kan, ọmọ Vietnam ló ń lu dúrọ́ọ̀mù, oṣù mẹ́ta péré ló tíì fi kọ́ ọ, èmi wá di báàsì mú, mi ò sì fọwọ́ kan gìtá rí kí n tó débí, kúáyà ni tèmi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tá a ti ń lu "Rewrite" ti Asian Kung-Fu Generation, a ò tíì lù ú dópin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n tún ní èmi ni kí n máa kọrin torí kúáyà tí mo ti ṣe, Japanese tí mo gbọ́ ò sì ju èyí tí mo fi ń ra ọjà lọ. Orin wo la lè mú tí ò ní dójú tì wá?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ kọ́kọ́ gbé "Rewrite" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Orin náà dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, àmọ́ onígìtá méjì ló wà nínú báńdì yẹn, ohun tí ọ̀kan ń ta kọ́ lèkejì ń ta, ẹ̀yin ẹ sì ní ẹyọ kan, torí náà tí tiyín bá tiẹ̀ ta á pé pérépéré, á ṣì máa ṣe èèyàn bíi pé nǹkan kan sọ nù níbẹ̀. Inú ẹgbẹ́ olórin yunifásítì làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ o, ní Yokohama lọ́dún 1996, ó di 2004 kí wọ́n tó gbé "Rewrite" jáde, ẹ̀yin wá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún débẹ̀.

Onígìtá ló mú orin yẹn, àbí irọ́ ni mo pa? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà témi náà wà níléèwé, onígìtá wa ló mú orin tó wù ú, lọ́jọ́ eré, onílù sọ nù ní ẹsẹ kejì, kálukú wá parí orin tiẹ̀ níbi tó wù ú. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí ní orin tó rọrùn, onílù ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, pé kí ló lè lù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tọ́wọ́ ẹ̀ ò ní rọ. Ìwọ tó o ti ilé wá, á yé ẹ: dúrọ́ọ̀mù nínú rọ́ọ̀kì, iṣẹ́ omele ló ń ṣe, kì í ṣe ti ìyáàlù. Kò ní ki ẹnikẹ́ni, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó ṣáà máa lu ohun kan náà láìyẹsẹ̀ káwọn tó kù lè rí ibi fẹ̀yìn tì.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni "Linda Linda" ti The Blue Hearts, orin 1987 ni, àìmọye èèyàn ló mọ̀ ọ́n ní Japan, bẹ́ ẹ bá ṣì í, àwọn èrò ìwòran á gbà á lẹ́nu yín. Jẹ́jẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, ohùn àti gìtá nìkan, eku inú gọ́tà ló fi ń ṣàpèjúwe ẹwà níbẹ̀ (mo mọ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún mi), ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ ti bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi ìbújáde yẹn ni wàhálà ẹ̀ wà, ẹ lè fi odindi ọjọ́ kan lu ibẹ̀ nìkan, kí onílù ka mẹ́rin, kẹ́ ẹ jọ wọlé, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ìyókù ò le, onígìtá ò nílò kó di odindi kọ́ọ̀dù mú (ìyẹn nóòtì mélòó kan tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), okùn méjì mẹ́ta tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ti tó o, ìwọ lórí báàsì, nóòtì tó gbé orúkọ kọ́ọ̀dù yẹn ni kó o máa tẹ̀ lé.

Tó bá jẹ́ torí èdè lo ṣe ń bẹ̀rù, sinimá kan wà tó jáde ní 2005, "Linda Linda Linda" lorúkọ ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin iléèwé ló fẹ́ kọ orin Blue Hearts níbi ọdún iléèwé wọn, akẹ́kọ̀ọ́ láti Kòríà tí Japanese ẹ̀ ò tíì dán mọ́rán ni wọ́n wá mú ṣe olórin. Japanese ò fi bẹ́ẹ̀ le lẹ́nu wa. Ó jọ tiwa, kọ́ńsónáǹtì kan fáwẹ̀lì kan ni púpọ̀ nínú ẹ̀, "n" tiwọn náà máa ń dá dúró bí èyí tó wà láàárín òroǹbó, ó ní àyè tiẹ̀ nínú orin, má gbé e mì.

Tẹ́ ẹ bá ti lu ìyẹn dópin lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìdúró, ẹ wá kọjá sí "Chiisana Koi no Uta" ti Mongol800. Èèyàn mẹ́ta bíi tiyín ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbé e jáde, láti Okinawa, ẹni tó ń ta báàsì ló tún ń kọrin, ṣó o ti rí i báyìí. Inú àwo wọn tó jáde ní 2001 ló wà, "Message", àwo tí ilé iṣẹ́ ńlá kankan ò tì lẹ́yìn àmọ́ tó tà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Kọ́ọ̀dù tó ń yí po jù níbẹ̀ ni E, B, C#m àti A, E àti A sì wà lórí okùn báàsì ẹ láìjẹ́ pé o tẹ nǹkan kan, o lè gbójú sókè wo àwọn èèyàn nígbà yẹn. Ó yára ṣá o, ó máa mú kí onílù yín làágùn, torí náà ẹ fi áàpù tó ń ka bíìtì sórí fóònù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì ìyára ẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè. Kọ́ báàsì ẹ títí o fi lè máa ta á tó o tún ń bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, kó o tó la ẹnu kọrin lórí ẹ̀.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ mú "Cherry" ti Spitz, ti 1996, torí kò yára. Orin tó dùn ni, ṣùgbọ́n orin tó falẹ̀ ló ń tú àṣírí ẹni tí bíìtì ò dúró lára ẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Wákàtí-wákàtí lẹ ń sanwó sitúdíò, ẹ má lọ kọ́ orin níbẹ̀. Ilé ni kálukú ti máa kọ́ tiẹ̀, wọ́n ń ta ìwé tí wọ́n ń pè ní bando sukoa lọ́dọ̀ yín, ipa gbogbo yín wà nínú ẹ̀. Ìwọ àti onílù ẹ tètè máa dé, kẹ́ ẹ lu ti ẹ̀yin méjì kí gìtá tó wọlé. Tẹ́ ò bá gbọ́ ohùn olórin, gìtá ni kẹ́ ẹ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má gbé máìkì sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹni bá ṣì í kó máa lọ, ẹ má dúró dè é.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wo "K-On!", eré kátúùnù Japan kan nípa àwọn ọmọ iléèwé tó dá báńdì sílẹ̀, tọ̀sán tòru, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì fẹ́ máa lu orin inú ẹ̀. Ṣé ó rọrùn, kí n ra gìtá?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ ra á fún un. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé ọmọ iléèwé lá ń wò nínú eré yẹn o, àwọn tó ṣiṣẹ́ olórin jẹun ló lu orin ẹ̀ fún wọn ní 2009, kó má lọ rò pé òun ò ní ẹ̀bùn tí ìka ẹ̀ ò bá tètè yá. Kí wọ́n fi "Linda Linda" tí mo sọ lókè bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá padà sí "K-On!". Ámpù kékeré, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, èyí tó ṣeé ki hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, ẹ ṣàánú aládùúgbò yín.